Ibi Ìyáná Tí A Wó Nítorí Ìlà-Oòrùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga tó ojú fèrèsé, ó ti rẹ ìlú Houston yìí. Mo mọ̀ pé kì í rẹ ìlú bí ó ṣe ń rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ohun tí mo fi ojú mi rí mu. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn aládùúgbò wa ní Alief sì ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Houston bí ìlú tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí ilé tuntun ń hù níbi gbogbo, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Kò burú. Èmi náà kì í gba gbogbo ohun tí àwọn àgbà bá sọ nípa ìgbà náà gbọ́. Nítorí náà, n ó gbìyànjú láti ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn sọ fún mi.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni. Wọ́n rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tó ń ya ilé gogoro fún àwọn olówó epo, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ́fíìsì náà fi kógbá sílé. Láti ìgbà náà ni Bàbá mi ti ń jókòó sínú apátímẹ́ǹtì wa. Tábìlì ìyàwòrán wọn gba ìdajì pálọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ń yà lórí rẹ̀. Màmá mi ló ń gbọ́ bùkátà. Iṣẹ́ òru ni tiwọn, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá wọlé láàárọ̀, wọ́n á jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ kí àwọn tó bọ́ ọ, oorun á sì gbé wọn lọ níbẹ̀.

Ìjọ Aládùúrà ni ìjọ wa. Ṣọ́ọ̀bù kan tí a háyà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ la ti ń jọ́sìn, ẹ̀rọ ìfọṣọ a sì máa kù lẹ́yìn ògiri bí a bá ń gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí ilé di ọ̀pọ̀ tí kò sí ẹni tó ń rà á, ìjọ wa ra ilé ńlá kan tó ti pẹ́, ní àdúgbò àtijọ́ kan tí àwọn olówó ti fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Olówó epo kan ló kọ́ ọ, ó sì ní kí wọ́n kọ́ ọ bí ilé àwọn ọlọ́lá ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ìdílé kan máa ń gbé láti ìran dé ìran tí àwọn àgbẹ̀ gbogbo àyíká sì ń forí balẹ̀ fún wọn. Òkúta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lókè, igi dúdú gba inú ògiri funfun kọjá ní òró àti ní ìbú. Fèrèsé rẹ̀ ga, gíláàsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òjé so pọ̀ ló wà nínú wọn. Ní àárín ilé ni gbọ̀ngàn kan wà, pákó dúdú ni wọ́n fi bo ara ògiri rẹ̀, ní ìparí rẹ̀ sì ni ibi ìyáná tí àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀ láì tẹrí ba. Òpó èéfín rẹ̀, bíríkì látòkè délẹ̀, gba inú yàrá òkè kọjá, ó sì yọrí sókè ju òrùlé lọ dáadáa. Kí ni ẹnikẹ́ni ń fi irú ibi ìyáná bẹ́ẹ̀ ṣe ní Houston, níbi tí ooru ti ń mú wa láti oṣù Kẹrin? Èmi ò mọ̀. Bàbá mi ní olówó náà kò kọ́ ọ nítorí òtútù, ó kọ́ ọ nítorí àlejò.

Màmá òyìnbó arúgbó tó ń gbé ilé kejì sọ fún wa pé láti inú ojúlówó ilé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tú àwọn pákó ara ògiri náà, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn àwọn pákó náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àwọn kan ní ojú àáké àti ìfági lára, pé ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn, àti pé wọ́n ti gé etí wọn kí wọ́n tó lè bá ògiri yìí mu. Àwọn tó kù, ẹ̀rọ ló là wọ́n. Nítorí náà, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ màmá náà, iye tó jẹ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ.

Bàbá mi máa ń mú mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án kí Màmá mi lè rí oorun sùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé máa ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Wọ́n fi hàn mí níbi tí onílé kejì ti fi àjà pẹlẹbẹ bo òkè gbọ̀ngàn kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ráyè, tí àwọn igi ọlọ́nà àtijọ́ sì ṣókùnkùn sókè níbẹ̀ bí ohun tí a gbàgbé. Wọ́n fi hàn mí níbi tí onílé kẹta ti fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pín àwọn yàrá òkè sí wẹ́wẹ́ kí ó lè gba ayálégbé púpọ̀ sí i. "Gbogbo ẹni tó bá gba ọwọ́ ilé kọjá ló ń tún un ṣe," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń gbé kí ló ró." Ojú wọn máa ń yí padà níbẹ̀. Wọn kò dà bí ẹni tó ń jókòó sílé lásán mọ́.

Màmá mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Dádì, ilé òyìnbó yẹn lẹ fẹ́ báyìí, àbí? Èmi ni ìyálé, kí ẹ sọ fún un kó máa kúnlẹ̀ kí mi o." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún padà sídìí tábìlì wọn.

Nítorí wọ́n ti ń ya nǹkan. Ìjọ ti ní kí wọ́n bójú tó àtúnṣe ilé náà, wọn kò sì gbowó. Ohun tí wọ́n ń retí yàtọ̀. Kò sí ọ́fíìsì tó fẹ́ gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò ní iṣẹ́ kan tó lè tọ́ka sí pé èmi ni mo ṣe é. Bí gbọ̀ngàn yìí bá di ilé ìjọsìn láì ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á mú un lọ bá àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé mọ̀ pé bí kò bá ṣe ilé yìí, kò sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn ló wá dá a rú. Nínú ìjọ wa, a kì í gbé pẹpẹ síbi tó bá ṣáà ti wù wá. Ìlà-oòrùn là ń kọjú sí bí a bá ń gbàdúrà, ìlà-oòrùn sì ni pẹpẹ gbọ́dọ̀ wà. Ní oṣù Kejìlá, kété tí kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́, Bàbá Olùṣọ́, tí í ṣe olórí ìjọ wa, kó àwọn àgbà lọ gbàdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó lọ ló sọ ohun kan náà, mo sì gbà á: oòrùn yọ lẹ́yìn ibi ìyáná gan-an, ìmọ́lẹ̀ gba fèrèsé kékeré méjèèjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì tàn sára aṣọ funfun wọn. Bàbá Olùṣọ́ sunkún. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa àgbélébùú sára bíríkì ibi ìyáná pé ibẹ̀ ni pẹpẹ. Ibi ìyáná náà yóò kúrò.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Oòrùn oṣù Kejìlá kì í yọ ní ìlà-oòrùn gan-an, ó máa ń yẹ̀ sí apá gúúsù. Nígbà tó bá di oṣù Kẹfà, á ti yẹ̀ sí apá àríwá. Ní ìlú wa lọ́hùn-ún náà ó ń yẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn tí àwọn Bàbá Olùṣọ́ dàgbà bá níbẹ̀, àwọn mìíràn ti wo ìlà-oòrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Kò sí ìgbà kankan tó di dandan fún wọn láti fúnra wọn wá a.

Bàbá mi mú kọ́ńpáàsì lọ wò ó. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá kọjú sí ibi ìyáná, ìlà-oòrùn gan-an wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, níbi fèrèsé ńlá kan tó yọ ikùn síta ní igun gbọ̀ngàn. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbé mi sókè. Pẹpẹ lè bọ́ sínú ikùn fèrèsé náà rẹ́gí. Ẹnikẹ́ni kò ní wó bíríkì kan.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Bàbá mi sọ ọ́ nípàdé, lẹ́yìn ìsìn. N ó sọ ohun tí mo gbọ́, nítorí pé lẹ́yìn náà oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn ń sọ.

"Bàbá Olùṣọ́ sà," Bàbá mi ní, wọ́n dìde, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, "mo fi kọ́ńpáàsì wò ó. Ìlà-oòrùn wà lọ́wọ́ òsì díẹ̀ sà, níbi fèrèsé ńlá yẹn. Bí a bá gbé pẹpẹ síbẹ̀, a ò ní wó nǹkan kan."

"Akọ̀wé wa!" Bàbá Olùṣọ́ dáhùn, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ojú tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi rí oòrùn. Ṣé kọ́ńpáàsì rẹ ló ń jí oòrùn láàárọ̀ ni?"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

"Òpó náà tún wúwo lókè, sà."

"Ó wúwo kẹ̀? Ṣé o ò rí àwọn ọmọkùnrin tí mo ní ni? Ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò, bíríkì ni kò ní lè gbé?" Bọ̀dá kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi iṣan hàn, ìyá kan sì kígbe "Halelúyà!" sí i. Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá mi jókòó.

Wọn kò tún un sọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ibí yìí ni ẹ ti máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu pé kí ló dé. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀dọ́ bá ti sọ tinú rẹ̀ tí àgbà sì ti fèsì, kì í tún un sọ níwájú èrò. Á padà wá bá àgbà náà ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ohun tí Bàbá mi sì pinnu láti ṣe nìyẹn.

Nígbà tí a délé, wọ́n ṣàlàyé fún Màmá mi. Wọ́n ní ibi ìyáná yẹn ni ẹsẹ̀ tí òpó èéfín fi dúró. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀, gbogbo bíríkì tó wà ní yàrá òkè àti lórí òrùlé yóò dá dúró lórí òfìfo, yóò sì já lu ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Màmá mi gbé ojú sókè nídìí bàtà tí wọ́n ń so. "Ṣé ẹ sọ ọ́ báyìí fún wọn?"

"Mo sọ ọ́."

"Dádì, mo wà níbẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́ báyìí."

Bàbá mi ní àwọn ń ya àwòrán òpó náà, bí ẹni là á láti òkè dé ilẹ̀, kí Bàbá Olùṣọ́ lè fojú ara wọn rí i. Wọ́n ní kò sí ìkánjú, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án láì pè wọ́n. Mo rò pé wọ́n gbà á gbọ́.

Kí àwòrán náà tó parí, ọ́fíìsì kan ní Dallas pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, Bàbá Olùṣọ́ sì fẹ́ kí a ṣe é nínú ilé tuntun. Wọ́n wá pe ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an, bí a ti í pe ọ̀wẹ̀ nílé láti bá ènìyàn kọ́lé tàbí tu oko rẹ̀: kí gbogbo ọkùnrin mú irinṣẹ́ wá, kí gbogbo obìnrin se oúnjẹ wá. Lójú wọn, oore ni. Wọ́n ní kí Akọ̀wé bá iṣẹ́ ní píparí nígbà tó bá dé.

Màmá mi kò gbọ́ ohun tí ọ̀wẹ̀ náà wà fún. Ilẹ̀ gbígbá àti ọ̀dà kíkùn ni wọ́n rò. Ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti lọ gbé kúlà ìrẹsì, a sì dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Eruku pupa ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn ọkùnrin ń kọrin, wọ́n ń fi òòlù ńlá lu bíríkì, bọ̀dá mẹkáníìkì sì wà nínú ibi ìyáná fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ apá ọ̀tún ti lọ. Èyí tó kù kò tó nǹkan mọ́.

Màmá mi gbé kúlà sílẹ̀. "Bàbá Olùṣọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ mi dé ná."

"Ìyá, ẹ lọ bá wa bu ìrẹsì. Ebi ń pa àwọn òṣìṣẹ́ Olúwa."

Wọn kò tíì bu ìrẹsì tán tí Bàbá mi fi wọlé. Láti ibùdókọ̀ ni wọ́n ti wá tààrà, pẹ̀lú kóòtù àti táì, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ilé tuntun ni gbogbo ìjọ wà. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbójú sókè wo àjà, mo sì tẹ̀lé ojú wọn: ìlà kan ti là á já, ó ń rọ eruku.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde síta!"

N kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Orin dá. Bàbá Olùṣọ́ yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Èmi lò ń pariwo lé lórí?"

"Ẹ jáde ná, sà. Màá dọ̀bálẹ̀ fún yín lóde."

Bàbá mi di apá Bàbá Olùṣọ́ mú, wọ́n ń fà wọ́n lọ. Fífa àgbà náà ló jẹ́ kí àwọn yòókù jáde, nítorí pé inú bí wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé Bàbá mi láti gba olórí wọn sílẹ̀. Bọ̀dá mẹkáníìkì ló kẹ́yìn, òòlù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Màmá mi gbé mi kọ́ apá, wọ́n sáré. Nígbà tí a dé orí koríko, Bàbá mi kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé kò ku ẹnìkan nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Olùṣọ́, pẹ̀lú kóòtù àti táì.

Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣì wà nígbà tí òpó èéfín wó. Mo rí i tó rọra wọlé sínú òrùlé bí ẹni tó ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé, gbogbo gíláàsì wẹ́wẹ́ fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, eruku sì tú jáde lójú fèrèsé. Bàbá Olùṣọ́ kúnlẹ̀ ti Bàbá mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Ìjọ wa kò jẹ́ aláìmoore. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá mi níwájú pẹpẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù láti parí. Àwọn pákó àtijọ́ ti rún, àwọn igi ọlọ́nà òkè gbọ̀ngàn ti ṣẹ́, ìjọba ìlú sì ní dandan kí a palẹ̀ gbogbo apá yẹn mọ́. Wọ́n fi ògiri pẹlẹbẹ dí i, wọ́n kùn ún ní funfun. Gbọ̀ngàn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá jọ ṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́, àfi pé ó tóbi jù ú lọ. Pẹpẹ wà níbi tí ibi ìyáná wà, nítorí pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn kò sí ẹni tó lágbára láti tún un rò.

Ọ́fíìsì Dallas ti sọ fún Bàbá mi pé àwọn fẹ́ràn ohun tí wọ́n sọ nípa ilé náà, pé kí wọ́n mú fọ́tò wá nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Wọn kò padà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó èémí àwọn aláìsàn ní ọsibítù, bí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ti ń ṣe. Ó mówó wá. Màmá mi fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Wọ́n tú tábìlì ìyàwòrán, pálọ̀ wa sì fẹjú.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, a ṣe àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú ilé náà. A kọjú sí pẹpẹ, a ń kọrin, oòrùn sì yọ, ní ọwọ́ òsì wa, jìnnà sí pẹpẹ, láti ojú fèrèsé ńlá igun yẹn. Gbogbo ìjọ rí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú gbogbo wa mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn. Bàbá Olùṣọ́ yíjú wo fèrèsé náà, wọ́n tún kọjú sí pẹpẹ, wọ́n sì ń bá àdúrà lọ. Mo wo Bàbá mi. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n ń ṣe àmín.

Ayé ti yí. Èmi náà ti di ẹni tí àwọn ọmọdé ń kúnlẹ̀ kí, mo ń gbé ní Fulshear, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé bí ẹni ń to páálí. Òkúta iwájú ilé wa fẹ́lẹ́ bí bísíkíìtì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ibi ìyáná wa kò ní òpó, bọ́tìnì la ń tẹ̀. Ìlà-oòrùn wà nínú fóònù ọmọ kékeré. Àwọn ọmọ wa kì í sì jókòó bí àgbà bá fi ọ̀rọ̀ wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún un sọ, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó máa ń bí mi nínú. Síbẹ̀, bí mo bá rò ó dáadáa, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé tiwa ló dára jù. Bí Bàbá mi bá ti sọ ọ́ níjọ́ yẹn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Màmá mi, mo rò pé Bàbá Olùṣọ́ ìbá gbọ́. Mo rò ó ni. N kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ ilé-ìwé kan ní kí ọmọbìnrin mi béèrè irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe láyé wọn. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo wà ní kíṣìnì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

"Mo ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè mí," wọ́n sọ fún un.

"Ìyẹn nìkan, Grandpa?"

Mo pa omi ẹ̀rọ kí n lè gbọ́.

"Ìyẹn nìkan, ọmọ mi. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."